Níbo ni ààfin àtijọ́ kù sí? Ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin rìn káàkiri àwọn ìlú ọba

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ wa nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, lápá Mọ́níyà. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń kó àwọn ọmọ wọn méjì bọ̀ láti Kánádà ní December. Wọ́n ní ìlú ọba wa làwọn fẹ́ rí, ààfin, òpó gbígbẹ́, bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé. Mo ti dán an wò lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú àlejò mìíràn. Ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn la lọ. Ilé alájà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ àti geètì onírin la bá. Wọ́n ní ká mú owó wá, a mú un wá, síbẹ̀ a ò ré kọjá ọgbà iwájú. Ṣé ààfin àtijọ́ ò sí mọ́ nílẹ̀ Yorùbá ni? Kí ló sì dé tí Ìbàdàn tó tóbi tó báyìí ò ní ọ̀kan? Ọjọ́ mẹ́rin la ní, a ó sì háyà mọ́tò."

Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni pé iwájú ilé tuntun ni wọ́n dá yín dúró sí, ohun tí ẹ bá lọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú ọba wa, ilé alájà tó kọjú sí títì jẹ́ ti ọba tó jẹ láìpẹ́. Àwọn àgbàlá alámọ̀, ojúbọ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó wà nínú lọ́hùn-ún. Níbòmíràn wọ́n ti wó, níbòmíràn wọ́n ṣì dúró. Ẹni tó bá kàn yọjú pé òun wá wo ààfin, iwájú ni wọ́n máa fi hàn án. Ẹni tó bá dárúkọ ààfin àtijọ́, tó sì ti kọ̀wé ṣáájú, ni wọ́n ń mú wọ inú. Mo máa dé orí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀, torí bí àwọn ọmọ yẹn bá ń retí òkúta gbígbẹ́ bíi ti ilé ọba Òyìnbó, ìjákulẹ̀ ni wọn yóò máa bá pàdé láti ìlú dé ìlú.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààfin Yorùbá. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ pò ó títí tí kò fi ní kókó mọ́, wọ́n á wá mọ ọ́n ní ìpele ìpele, ìpele kan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì. Èyí tí wọ́n mọ gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á jókòó sílẹ̀. Ògiri bẹ́ẹ̀ nípọn, àmọ́ kì í ga. Ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́jọ ló sábà máa ń mọ. Òrùlé ló ga, koríko lápá ọ̀dàn, ewé àti imọ̀ ọ̀pẹ lápá igbó, etí rẹ̀ á sì yọ jáde dáadáa kí òjò má baà kan ògiri. Ilé amọ̀ ò ní ọ̀tá tó ju omi lọ. Omi ń bá a láti òkè bí òrùlé bá ń jò, ó sì ń bá a láti ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀wààrà òjò ti ń ta ilẹ̀ mọ́ ìdí ògiri títí tí yóò fi jẹ ẹ́ wọnú. Torí náà kò sẹ́ni tó kọ́ ààfin lẹ́ẹ̀kan tó fi í sílẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń kó koríko òrùlé wá fún Aláàfin láti àwọn ìlú tó ń sìn ín. Iṣẹ́ ilé àti ìsìn ọba ni wọ́n pa pọ̀ sínú ọdún kan.

Nígbà tí ìjọba Òyìnbó dé, tí ọba ò lè pe gbogbo ìlú sí iṣẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àtúnṣe dín kù, páànù sì wọlé. Páànù ò fẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gé etí rẹ̀ kúrú, òjò wá ń na ògiri tí koríko ti ń bò látijọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara amọ̀ pé kó lè pẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń pa á. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Bí oòrùn bá pa wọ́n tí òjò sì tún rọ̀ sí wọn, wọn kì í fẹ̀ bákan náà, wọn kì í sì í sún kì bákan náà. Àlàfo á yọ láàárín àwọn méjèèjì, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ògiri á máa rọ̀ nínú nígbà tí ìta ṣì ń dán. Bí ẹ bá rí ibi tí sìmẹ́ńtì ti ń ṣí bí èèpo, tí amọ̀ pupa sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n wò ó. Ọba tó bá rówó ò ní fẹ́ máa gbé inú irú ilé yìí, yóò kọ́ tuntun síwájú. N ò lè dá a lẹ́bi. Ta ló fẹ́ máa sùn sábẹ́ òrùlé tó ń jò nítorí àlejò tó fẹ́ ya fọ́tò?

Ohun kejì tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ ẹrù ààfin ti kúrò nílé. Ẹ wo Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí àwọn onímọ̀ kà sí ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére Yorùbá, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba ìlú náà. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn òpó náà, ọba lórí ìtẹ́ tí olorì àgbà dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago lónìí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní London, ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. British Museum gbà á, ìtẹ́ tí wọ́n kàn nílẹ̀ Òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ẹni tó bá wakọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ nítorí àwòrán òpó tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgbàlá ló máa bá, òpó wà ní Amẹ́ríkà. Bákan náà ni Ifẹ̀. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé, ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: àwọn kan wà ní Ifẹ̀, àwọn kan ní Èkó, ọ̀kan ní London. Nítorí náà, ní ìlú ọba tó bá ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ wo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó wo ààfin nìkan, ìdajì ló wò.

Ti Ìbàdàn ò le rárá. Ibùdó ogun ni nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ kóra jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Kò sí ìdílé kan tó jogún adé. Oyè ni wọ́n ń gùn, lórí ìlà Balógun àti ìlà Ọ̀tún, ẹni tó bá sì dé òkè á máa ṣàkóso láti agbo ilé tirẹ̀. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè é títí di 1936 tí wọ́n sọ orúkọ oyè náà di Olúbàdàn. Báwo wá ni ààfin ayébáyé ṣe máa wà? Ohun tí a ní ni agbo ilé àwọn ológun, àti Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929. Ẹ mú àwọn àlejò yín gun Màpó ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti sinmi tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo bí òrùlé páànù pupa ṣe lọ súà, tí kò sí ojú ọ̀nà gbọọrọ kan tó ti ẹnu ààfin jáde. Bí wọ́n bá wá dé Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀wọ̀, ojú wọn á ti là sí ìyàtọ̀ ìlú tí ọba tẹ̀ dó àti ìlú tí ogun kó jọ.

Ẹ má wọ ààfin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá dé ìlú. Ẹ dúró lọ́jà. Ọjà ọba ló sábà máa ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà ààfin, láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà ti ń ya lọ sí àdúgbò, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní ìjòyè tirẹ̀ tó ń bójú tó o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to ìlú, òun ló sì pẹ́ jù lọ láyé nínú gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí. Ilé lè wó kí wọ́n tún un kọ́ ní ìgbà mẹ́wàá, ọjà àti ẹnu ọ̀nà kì í yẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, ẹ máa ka àgbàlá. Èyí àkọ́kọ́ wà fún gbogbo ayé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jó lọ́jọ́ ọdún. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti àwọn ìjòyè. Bí ẹ ṣe ń wọnú sí i ni iye ẹni tó lè wọ ibẹ̀ ń dín kù, títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n máa ní ó tó, ẹ padà. Ẹ má bínú sí i. Ibi tí wọ́n ti dá yín dúró wà lára ohun tí ẹ wá wò. Àgbàlá àtijọ́ máa ń ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká lọ́nà mẹ́rin, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dagun sínú, omi òjò á bọ́ sí àárín, ojú àgbàrá kan á sì gbé e gba abẹ́ ògiri jáde. Ẹ wá ojú àgbàrá yẹn. Bí ó bá ti dí, ẹ wo ìdí ògiri tó sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ó ti ń jẹ.

Ọ̀yọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí láti Mọ́níyà ẹ ti wà lójú ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe fún àwọn àlejò: Ọ̀yọ́ yìí kọ́ ni Ṣàngó ti jọba. Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín àwọn ọdún 1830, Aláàfin Àtìbà ló wá sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ó kọ́ ààfin yìí láti ilẹ̀ pẹ̀lú ìrántí èyí tó ti bàjẹ́, ìyẹn ló sì mú kó wúlò fún yín. Ẹ wo àwọn kọ̀bì tó yọrí jáde láti ara ilé, òrùlé rẹ̀ ṣóńṣó, òpó gbé e ró níwájú. Àmì ilé ọba àti ti ìjòyè pàtàkì ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè so mọ́ ilé rẹ̀. Ọjà Akẹ̀sán wà níwájú ààfin; ó jóná ní January 2020, wọ́n sì ti tún un kọ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù tuntun lẹ máa bá, àmọ́ ojú ibi tó ti wà látilẹ̀ ló wà. Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ kí ẹ tó padà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ẹ kúkú lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀, ẹ má kó ọmọ lọ síbẹ̀ nínú ọjọ́ mẹ́rin yìí. Inú ọgbà igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ (Old Oyo National Park) ló wà, lápá Ìgbẹ̀tì. Kò sí ilé kankan níbẹ̀ mọ́, àfi òkìtì odi, àpáàdì àti ibi tí wọ́n ti lọ ọlọ sára àpáta. Ọkọ̀ tó lè gun ilẹ̀ gbágungbàgun, ìyọ̀ǹda ọ́fíìsì ọgbà náà tó wà nílùú Ọ̀yọ́, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó máa bá yín lọ ni ẹ nílò, ètò ààbò inú igbó yẹn sì gba ìbéèrè dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ní Ifẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ju èyí tó wà lókè lọ. Ààfin Ọọ̀ni ní Ẹ̀nuwá ti di ilé ìgbàlódé púpọ̀, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ fún un ní wákàtí kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń mú yín kiri pé ilẹ̀ alápàáàdì lẹ fẹ́ rí. Àwọn Ifẹ̀ ìgbàanì ń to àpáàdì ìkòkò fọ́ sílẹ̀ ní ìdúró, etí rẹ̀ sókè, ní ìlà ìlà tó ń dagun síra wọn, nígbà mìíràn wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun pààlà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìdí tí wọ́n fi tò ó ní ìdúró ni pé àpáàdì tó bá dùbúlẹ̀ á fọ́ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, èyí tó bá dúró á ru ẹrù, omi á sì gba àárín rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ ju ilé tó yí i ká lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìta Yemòó, níbi tí wọ́n ti rí ère idẹ ọba àti olorì ní 1957, ni ibi tí wọ́n ti tọ́jú irú rẹ̀ dáadáa, ẹ bèèrè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí wọ́n bá yín ṣètò àtidébẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ sí Ọ̀pá Ọ̀ràńmíyàn, òkúta tó ga tó mítà márùn-ún àti díẹ̀, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Àwọn ọmọ á fẹ́ kà á.

Iléṣà wà lójú ọ̀nà. Ẹ lè dúró kí ààfin Ọwá Obòkun níta, kí ẹ sì máa lọ. Àkúrẹ́ ni kí ẹ sùn. Ààfin Déjì àtijọ́ wà láàárín ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ó sì ṣe é wọ̀: àgbàlá lórí àgbàlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ti ń búra. Kò tóbi tó ti Ọ̀wọ̀, àmọ́ ó rọrùn jù ú lọ láti wọlé sí lójijì.

Ọ̀wọ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, n bá ní kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀wọ̀. Ilẹ̀ ààfin Ọlọ́wọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 180 éékà, wọ́n sì máa ń sọ pé àgbàlá inú rẹ̀ tó 100 láyé àtijọ́. Ùghà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èyí tó dúró lónìí kéré sí i gan-an, ẹ má retí 100. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ti lè rìn láti àgbàlá kan sí òmíràn kí ó sì yé yín, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé fún yín, bí ọba ṣe ń jìnnà sí aráyé díẹ̀díẹ̀. Ùghà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ tàbí òrìṣà tirẹ̀. Wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan, gẹ́gẹ́ bí ti Ifẹ̀. Àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì jẹ́ ère: ọba lórí ẹṣin, tàbí ọba pẹ̀lú olorì àgbà. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde rẹ̀ ní ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 láti kó àwọn ohun ààfin sí wà níbẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó wọ ààfin, kí àwọn ọmọ lè mọ ohun tó ti kúrò lára ògiri. Ẹ bèèrè nípa àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ẹkpo Eyo hú jáde ní Igbó'Lájà, nílùú Ọ̀wọ̀. Ifẹ̀ hàn lára wọn, Ìbíní náà hàn, ìyẹn sì ni ìtàn Ọ̀wọ̀. December kì í ṣe àsìkò ọdún Igógo. September ni, nígbà tí kò sí ọkùnrin tó ń dé fìlà, tí obìnrin ò wé gèlè, tí agogo rọ́pò ìlù, tí Ọlọ́wọ̀ sì múra bí obìnrin ní ìrántí Ọrọnṣẹn, olorì ọba Ọ̀wọ̀ kan láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá tún wá lọ́dún mìíràn, kí wọ́n fojú sí i. Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe kọ́lé, ọjọ́ tí ìlú dákẹ́ sàn ju ọjọ́ ọdún lọ, torí ní ọjọ́ ọdún, ẹ̀yìn orí èèyàn lẹ máa rí.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa wọlé. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ààfin ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní Ọ̀yọ́, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú ìwé kan tó: iye ẹni tí ẹ jẹ́, orúkọ ẹni tó ṣáájú, ọjọ́ àti wákàtí, nọ́ńbà fóònù, àti gbólóhùn kan tó sọ kedere pé àgbàlá àtijọ́ lẹ fẹ́ rí, àti pé bóyá Kábíyèsí wà nílé tàbí kò sí, ẹ ó dúpẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá rò pé ọba lẹ fẹ́ rí, wọn yóò fi yín sí ìlà àwọn tó ń dúró de ọba, ẹ lè jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ rán ẹnì kan tàbí kí ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú láti rán wọn létí.

Ọ̀rọ̀ owó ló sábà máa ń ba ìrìn yìí jẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní tíkẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì. Ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì yín. Ààfin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ohun tó sì dára ni kí ẹ mú obì, orógbó àti ìgò ṣìnáàpù kan dání fún ààfin, kí ẹ sì fi owó sínú àpòòwé fún ẹni tó bá mú yín kiri, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ wá rí. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu geètì kò sábà ní àṣẹ láti ṣí inú fún yín, ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́dún tó kọjá. Ẹ máa sọ pé, "A ti kọ̀wé sí akọ̀wé, a ń wá a." Àwọn onílù yóò ki yín, bóyá ẹ pè wọ́n tàbí ẹ ò pè wọ́n, ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ má baà máa wá ṣéńjì níwájú wọn.

Bí Kábíyèsí bá jáde, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, fìlà á kúrò lórí. Kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́ sí ọba láti bọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ tó ti mọ́ lára ní Kánádà. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹ bá jókòó, ẹ má ṣí agboòrùn nínú ọgbà, ẹ sì bọ́ bàtà níbikíbi tí ẹ bá rí bàtà nílẹ̀. Kí àwọn obìnrin wọ ìró tàbí gáùn, torí àwọn ààfin kan ò fẹ́ ṣòkòtò lára obìnrin. Fọ́tò gba ìyọ̀ǹda ní àgbàlá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ilé. Ojúbọ, ẹ má yà á àfi bí wọ́n bá fúnra wọn ní kí ẹ yà á. Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ onílé ìtura tàbí akọ̀wé ààfin bóyá orò máa jáde ní ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Bí ó bá ń jáde, àwọn obìnrin inú yín ò ní lè rìn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Bí ọba bá wàjà pẹ́nrẹ́n, ẹ fo ìlú yẹn.

Ètò tí mo rò pé ó bá ọjọ́ mẹ́rin yín mu nìyí. Ọjọ́ Ajé, Ọ̀yọ́, kí ẹ padà sùn nílé. Ìṣẹ́gun, ẹ kúrò ní Mọ́níyà ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ gba Ìwó Road àti Àṣejirè, ẹ ra dòdò Ìkirè lójú ọ̀nà, Ifẹ̀ kò jù bí 85 km lọ sí Ìbàdàn. Ẹ kúrò ní Ifẹ̀ nígbà tí aago bá lu méjì kí ilẹ̀ má baà ṣú yín kí ẹ tó dé Àkúrẹ́. Ọjọ́rú, Ọ̀wọ̀ láàárọ̀, ààfin Déjì lọ́sàn-án, kí ẹ sùn sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́bọ̀, Òkè Ìdànrè ní aago méje: àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, ibi ìsinmi wà, lórí òkè ni ẹ ó ti rí ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920, ààfin Ọwá alámọ̀ pẹ̀lú òpó gbígbẹ́, kọ́ọ̀tù àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi lítà kan ààbọ̀, kí wọ́n wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ẹ sọ̀kalẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá, kí ẹ sì kọjú sí Ìbàdàn tààrà. Mo yẹra fún Ẹtì àti òpin ọ̀sẹ̀ nítorí Jímọ̀ọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti ayẹyẹ ìwúyè tó máa ń kún ààfin ní December. Tí orúnkún ẹnikẹ́ni nínú yín ò bá gba àtẹ̀gùn, ẹ fi Ìkẹ́rẹ́ rọ́pò Ìdànrè, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Tí ìrìn bá ti ń sú àwọn ọmọ, ẹ fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo rọ́pò gbogbo ìyẹn. Ó wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005, ó sì dùn ún rìn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ère ńláńlá ibẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ láti àwọn ọdún 1950 lọ sókè, kì í ṣe ti ìgbàanì.

Ètò yìí ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Àkúrẹ́ àti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ti gbé ìròyìn ìjínigbé jáde rí, nítorí náà ẹ má rin ìrìn àṣálẹ́ rárá, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra, kí awakọ̀ yín sì kún táńkì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá sọ pé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ò dára lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi ọjọ́ náà kún Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́. Lẹ́tà náà ò sì lè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àgbàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí òkú, tàbí kí wọ́n máa ṣe ètùtù nínú rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Nítorí ìyẹn, bí wọ́n bá ti dá yín lóhùn, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó dáhùn, kí ẹ sì bi í pé ta ló ń ṣí àgbàlá bí òun ò bá sí nílé.